Bàyọ́lọ́jì àti iṣẹ́ ọnà: kí la lè fi ewé, bébà àti lẹ́ẹ̀dì ṣe tí yóò wúlò fún ìwádìí?

Tíṣà_Ìjùmú

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku.

Bàyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé girama kan ní Ìjùmú níhìn-ín. Tíṣà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ wa wá bá mi pé kí a da iṣẹ́ wa pọ̀ ní táàmù tó ń bọ̀: kí àwọn ọmọ SS1 máa ya igi àti ewéko láti ọgbà ilé ìwé títí dé etí odò, kí àwòrán náà sì jẹ́ ìwádìí gidi nípa bí igbó wa ṣe ń yí padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni kò dùn mọ́. Wọ́n ní WAEC kì í bi ọmọ léèrè ẹwà, kí n lọ parí sílábọ́ọ̀sì mi.

A ò ní nǹkan púpọ̀. Máíkíróskópù kan ló wà, kò sì ríran mọ́. Bébà, lẹ́ẹ̀dì, rúlà, ewé àti oòrùn, ìwọ̀nyẹn ò wọ́n wa.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni àwòrán ọmọ ṣe lè kọjá ohun tí a kàn lẹ̀ mọ́ ògiri fún àwọn òbí láti wò? Kí ni ẹ ti ṣe rí tó ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní ìmọ̀ràn tó ń mu epo jẹnẹrétọ̀ o.

Ayàwòrán_Mọ́pà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé WAEC fúnra wọn ń bi ọmọ ní àwòrán. Nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe bàyọ́lọ́jì, máàkì wà fún àkọlé, ó wà fún iye ìlọ́po tí àwòrán fi tóbi ju ohun gidi lọ, ó wà fún ìlà tó dán tí kò gé jákujàku, ó wà fún ìlà ìtọ́ka tí kò dábùú ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, nítorí àwòrán inú ìwé ni wọ́n há sórí. Gbé ewé tútù síwájú wọn, ewé inú ìwé ni wọ́n máa yà fún yín.

Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tèmi: mo máa ń gba lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wọn ná. Ewé kan, rúlà kan. Kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀, kí wọ́n wọn ibi tó fẹ̀ jù, kí wọ́n sọ bóyá ibi tó fẹ̀ jù yẹn sún mọ́ ìdí ewé ni àbí ó sún mọ́ ṣóńṣó. Kí wọ́n ka iṣan ọ̀tún, kí wọ́n ka tòsì. Ṣé iṣan méjèèjì dojú kọra ni àbí ọ̀kan ga ju èkejì? Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn tán ni mo ń dá lẹ́ẹ̀dì padà. Bí ewé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 tí àwòrán jẹ́ 16, kí wọ́n kọ ×2 sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ti kọ ìyẹn kò tún lè ya ewé àfinúrò mọ́, torí ẹnikẹ́ni lè gbé rúlà lé e.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bá ẹ̀yin oníbàyọ́lọ́jì ń jà lé lórí ni òjìji. Ẹ ní kí ọmọ má fi lẹ́ẹ̀dì kun inú àwòrán rárá. Kí ló dé? Láìsí òjìji, èso àti ewé kò yàtọ̀. Gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Yágbà_Ló_Bí_Mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ní ayé tí a wà yìí? Ẹ fi fóònù ya fọ́tò, ẹ gbé e sí PlantNet tàbí iNaturalist, orúkọ igi á jáde lójú ẹsẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì ṣe?

Ewé_Gbígbẹ

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, ewé gbígbẹ ni mo ń tọ́jú jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Àbúrò, áàpù wọ̀nyẹn dáa, èmi náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ewé kan yẹn nìkan ni kámẹ́rà rí, pẹ̀lú ihò tí kòkòrò dá sí i lára. Ẹni tó ń ya ewéko fún ìwádìí máa ń kó ewé púpọ̀ jọ kó tó fi lẹ́ẹ̀dì kan bébà, ó sì ti pinnu èyí tó jẹ́ ti irú igi náà àti èyí tó jẹ́ àléébù ewé kan ṣoṣo. Ó lè la òdòdó sí méjì kó yà inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso, bẹ́ẹ̀ òdòdó ti lè rẹ̀ dànù tipẹ́ kí èso tó pọ́n. Fọ́tò kan ò lè ṣe ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwádìí ewéko ṣì fi ń gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán títí di òní.

Tíṣà, ẹ̀rí ni yóò sọ àwòrán àwọn ọmọ di ìwádìí. Kí ọmọ tó ya ẹ̀ka kan, ẹ gé ẹ̀ka kejì lára igi kan náà, èyí tó ní òdòdó tàbí èso, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí, pákó méjì àti okùn ti tó. Ẹ tẹ́ ewé náà kó má ká, kí ewé kan ó kéré tán dojú délẹ̀ kí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ títí ewé á fi le. Àkókò ọyẹ́ yìí ló dáa jù fún iṣẹ́ náà. Tó bá di ìgbà òjò, ewé á bu kí ó tó gbẹ, àfi kí ẹ gbé e sítòsí àdògán, sítòsí ni mo wí o.

Lẹ́yìn náà ni lébẹ́lì. Déètì. Ibi tí ẹ ti gé e, tó fi jẹ́ pé àlejò lè débẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Bí igi ṣe ga tó. Irú ilẹ̀ tó wà, àkùrọ̀ ni àbí orí àpáta. Orúkọ tí ẹ̀yin ń pè é ní Ìjùmú, kí ẹ sì kọ ọ́ bí àgbàlagbà ibẹ̀ ṣe pè é, nítorí orúkọ Bùnú lè má bá ti Yágbà mu. Orúkọ ẹni tó gé e. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọ̀ òdòdó, torí àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń kú. Òdòdó tó pupa fòò lónìí á di àwọ̀ ilẹ̀ lórí páálí kó tó pẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́ bí kò bá sí àwòrán tí wọ́n fi ojú ara wọn kun lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà ọnà yín ti wọlé. Ewé gbígbẹ ń jẹ́rìí sí ìrí, àwòrán ń jẹ́rìí sí àwọ̀.

Harvard ní Amẹ́ríkà mọ ìṣòro yìí láyé àtijọ́. Ewé gbígbẹ kò tó wọn fi kọ́ ọmọ, ni wọ́n bá gbéṣẹ́ fún bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ní Jámánì, Leopold àti Rudolf Blaschka, pé kí wọ́n fi gíláàsì mọ òdòdó. 1887 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá kú ní 1895, ọmọ ń bá a lọ títí di 1936, ohun tí wọ́n mọ lé ní 4,000. Ẹ̀yin ò nílò gíláàsì. Amọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi amọ̀ mọ òdòdó kajú kó tóbi tó orí àgbò, ẹ ó rí iye ìbéèrè tí wọn á bi yín kí wọ́n tó mọ ọ́n tán.

Bí ẹ bá gé ẹ̀ka méjì-méjì, ọ̀kan á wà nílé ìwé, èkejì á lọ sí hẹbéríọ̀mù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí fún ìwádìí, ní Ìbàdàn, èyí tó wà lábẹ́ FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ní Jẹ́ríkò. FHI ni àmì tí àwọn onímọ̀ ewéko fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú kí ẹ tó kó ẹrù lọ.

Ní ti òjìji, Ayàwòrán, ẹ̀yin méjèèjì ló jàre. Nínú ìdánwò, ẹ má kùn ún, òfin ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya ewéko fún ìwádìí ń fi òjìji sí i: tóótòòtó ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi bírò tó mú to àmì kéékèèké, kó pọ̀ níbi tó ṣókùnkùn, kó fọ́nká níbi tó mọ́lẹ̀. Àṣà wọn sì ni pé apá òsì lókè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà, bébà méjì: ọ̀kan fún WAEC, ọ̀kan fún hẹbéríọ̀mù.

Ayàwòrán_Mọ́pà

Tóótòòtó. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa to tóótòòtó sí odidi ewé kókò, kó jẹun yó kó tó jókòó.

Ọmọ_Aláró

Ògìdì ni mo wà. Tíṣà, Ìjùmú kan náà ni wá, ẹ kó àwọn ọmọ wá. Ilé iṣẹ́ ọnà tí Màmá Nike Davies-Okundaye, ọmọ ìlú wa, dá sílẹ̀ wà níbí, kì í ṣe àdììtú.

Ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ wọn wà nínú ìkòkò aró. Ewé ẹ̀lú tútù, ẹ wò ó títí, ẹ ò ní rí búlúù kankan lára rẹ̀. A máa ń gún ewé ọ̀dọ́ rẹ̀, a máa ṣù ú, a sá a gbẹ. Omi eérú la fi ń rẹ ẹ́ nínú ìkòkò, a dé e, ó di ọjọ́ mélòó kan. Bó bá jinná, imú ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ṣí ìkòkò, ẹ fi igi ya ìfóófò orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: omi tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe búlúù, yẹ́lò tó ń fà sí àwọ̀ ewé ni. Ẹ ri aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ẹ fà á jáde. Àwọ̀ ewé ló bá jáde. Kí ẹ tó nà án tán lórí okùn, etí rẹ̀ ti ń yí padà, ó ń wọ àárín lọ, ó di búlúù lójú yín kòrókòró.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ìdí rẹ̀ nìyí. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní indican, tí kò ní àwọ̀, ló wà nínú ewé. Bí a bá gún un, ó tú, ohun tó tú yẹn pàdé òkísíjìn inú afẹ́fẹ́, ó di indigo, ìyẹn búlúù aró gan-an. Indigo kì í yọ́ nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìkòkò, àwọn tó ń mú un kan, ló ń gba òkísíjìn yẹn lára rẹ̀, omi eérú sì ń jẹ́ kí ó yọ́. Ó wọ inú òwú tán, a fà á síta, ó gba òkísíjìn padà, ó há síbẹ̀. Ìyẹn ni aṣọ aró tó jinná kò fi ń ṣí bọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ lè fún ọmọ: kí wọ́n fa àpótí kéékèèké sórí bébà. Ọmọ kan á máa pe àkókò, èkejì á máa kun àwọ̀ tó bá rí lára aṣọ lásìkò yẹn sínú àpótí. Bí wọ́n bá parí, wọ́n ti ya àwòrán bí òkísíjìn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fọwọ́ kan kẹ́míkà kankan láti ilé ìtajà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa omi eérú, ojú kò gbọdọ̀ kàn án.

Bí ọ̀nà ò bá gbà yín wá, ẹ ra ìṣápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe zóbò. Ẹ bọ̀ ọ́. Ẹ pín omi rẹ̀ sí ife mẹ́ta: ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, á pọ́n fòò, ẹ da omi eérú sí èkejì, á di àwọ̀ ewé, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ásíìdì nìyẹn, ọ̀dà ìkùnwé mẹ́ta náà nìyẹn.

Yágbà_Ló_Bí_Mi

Ẹ̀gbọ́n Ewé_Gbígbẹ, mo ti gbọ́. Aṣọ ipò àwọn ará Bùnú ńkọ́? Ṣebí osùn ni wọ́n fi ń pa á tó fi pupa tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ lè ṣe ìyẹn náà.

Ìyá_Bùnú

Rárá, ọmọ mi. Àwọn obìnrin Bùnú ló ń hun aṣọ ipò, ọlọ́lá ni wọ́n fi ń sin, ṣùgbọ́n òwú pupa rẹ̀ kò ti inú igbó wá. Aṣọ pupa tó ti òkèèrè wá ni wọ́n ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán tí wọ́n ń tún un hun. Òwú funfun ni tiwa, a gbìn ín, a ran án. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ya ewéko tó bá aṣọ lọ, kí wọ́n ya igi òwú láti ìgbà tí òdòdó rẹ̀ bá là títí tí èso rẹ̀ á fi ya. Òdòdó òwú tó là láàárọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ wàrà, tó bá di ọjọ́ kejì á ti pọ́n. Kí wọ́n máa sọ èyí tó là lánàá àti èyí tó là lónìí nípa wíwò lásán.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ibi tí igi wà débi tí àlejò á fi débẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí igi kosso. Àwọn oníṣòwò gé e káàkiri ilẹ̀ wa, wọ́n kó o lọ sí Ṣáínà, ó di January 2017 kí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó ń tán lọ, tó fi í sábẹ́ ìṣọ́. Ewé tí àwọn onísègùn ń lò náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ ohun tó ń wò sábẹ́ àwòrán. Igbó orò, ẹ má kó ọmọ wọ̀ ọ́ rárá, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ewé_Gbígbẹ

Màmá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni. Tíṣà, àkọsílẹ̀ méjì ni kí ẹ ní: ibi pàtó nínú ìwé ilé ìwé àti lórí lébẹ́lì tó ń lọ sí Ìbàdàn, orúkọ ìlú nìkan lórí Facebook.

Àgbẹ̀_Kàbà

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ilẹ̀ àti ẹ̀gẹ́, torí igi ńlá nìkan lẹ ń pè.

Albert Munsell, ayàwòrán ni ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ ọmọ. Ó ṣe ètò kan tí a fi ń pe àwọ̀ ní nọ́mbà kó má bàa jẹ́ pé ohun tí mo pè ní pupa lẹ ń pè ní ràkọ̀ràkọ̀. 1905 ló gbé e jáde. Lónìí, onímọ̀ ilẹ̀ tó bá lọ sóko gbé ìwé àwọ̀ Munsell dání. Ó bu erùpẹ̀, ó fi wé àwọ̀ inú ìwé, ó kọ nọ́mbà. Ẹ sọ ìyẹn fún ọ̀gá ilé ìwé tó ní iṣẹ́ ọnà kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ìwé yẹn wọ́n. Ẹ ṣe tiyín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bu erùpẹ̀ ní ìdí ewéko tó yà, kó gbẹ, kó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kó pò ó mọ́ omi sítáàṣì ẹ̀gẹ́, kó kùn ún sí igun àwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa, irin tó ti dípẹtà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti àkùrọ̀, omi ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, irin ibẹ̀ kò lè dípẹtà, ilẹ̀ á máa jọ eérú. Bí ẹ bá to àwòrán yín láti orí òkè dé etí odò, àwọ̀ ilẹ̀ igun rẹ̀ á fi hàn ìdí tí ewéko kan fi dúró níbi tó dúró sí.

Ẹ̀gẹ́ wá ńkọ́. Àrùn tó ń mú ewé rẹ̀ ṣe tótòtó yẹ́lò tí ó ń ká a kò, eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tó ti ní i tí a gé gbìn náà ń gbé e. Àwọn onímọ̀ máa ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5: 1 ni èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, 5 ni èyí tí ewé rẹ̀ ti rọ pátápátá tí igi rẹ̀ sì rán. Kí àwọn ọmọ ya àwòrán márùn-ún láti oko tó wà nítòsí yín, kí wọ́n kùn ún dáadáa. Kí àwọn ọmọ mẹ́ta wá gbé àwòrán yẹn wọ oko kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fún igi ẹ̀gẹ́ ní máàkì, kí wọ́n sì fi èsì wọn wéra. Bí máàkì wọn ò bá bára mu, àwòrán ni kò tíì ṣe kedere, kí wọ́n padà lọ tún un yà. Mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ wa ṣe irú rẹ̀, àríyànjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín 2 àti 3 kì í ṣe kékeré.

Mo gbàgbé ewé Akíntọ́lá. Ẹ má fojú fò ó nítorí pé ó pọ̀. Iṣan mẹ́ta ló máa ń yọ láti ìdí ewé rẹ̀ bíi fọ́ọ̀kì, ọmọ tó bá ti yà á lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú. Ará Amẹ́ríkà ni, àlejò tó wá di onílé. Tó bá ń tanná, ẹ wo orí rẹ̀: tata tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, èyí tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wa, máa ń péjọ sórí òdòdó yẹn. Maria Sibylla Merian, obìnrin ará Jámánì kan, ti ń ya kòkòrò pọ̀ mọ́ ewéko tó ń jẹ nígbà tí àwọn mìíràn ń ya kòkòrò nìkan. Ní 1699 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname nítorí rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín ya tata àti ibi tó bà lé, kì í ṣe tata nìkan.

Kajú_Ìsánlú

Èmi ò kàwé bíi tiyín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀ka kan náà ló yẹ kí wọ́n máa yà, kì í ṣe òmíràn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kajú kan àti ẹ̀ka irúgbá kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí ọmọ kan náà lọ yà á, kó ka òdòdó tó là, kó kọ déètì, kó kọ bóyá òjò rọ̀.

Òdòdó kajú kéré, ẹ sún mọ́ ọn. Ó máa ń là pẹ̀lú àwọ̀ funfun tó ní ìlà pupa, ewé òdòdó rẹ̀ márààrún á ká sẹ́yìn, yóò wá máa pọ́n bí ó ti ń gbó. Lórí ẹ̀ka òdòdó kan náà, akọ wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo wà níbẹ̀. Akọ ló pọ̀ jù, akọ kì í so. Nítorí náà kí ọmọ má kígbe pé kajú ti bàjẹ́ tó bá rí òdòdó tó ń rẹ̀. Ọ̀tá wa ni òjò tó bá ṣèèṣì rọ̀ lákòókò òdòdó. Bí ilé ìwé bá ń ya ẹ̀ka kan lọ́dọọdún, tí wọ́n ń kó o pamọ́, èmi àgbẹ̀ á wá kà á lọ́jọ́ kan, mo máa mọ̀ bóyá òdòdó ń yára là ju tàtẹ̀yìnwá. Báyìí, kálukú ń sọ ti ẹnu rẹ̀ lábẹ́ igi.

Irúgbá, alẹ́ ni òdòdó rìbìtì pupa rẹ̀ ń ṣí, àdán ló ń wá mu oyin ara rẹ̀ tó ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ láti igi dé igi. Ẹni tó bá ń lé àdán, kó má béèrè irú o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́kọ́ja

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti oòrùn kún un.

Àwọn ayàwòrán méjì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Heather Ackroyd àti Dan Harvey. Wọ́n máa ń hu koríko sórí ògiri nínú òkùnkùn, wọ́n á tan àwòrán èèyàn sórí rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, koríko á ní àwọ̀ ewé dáadáa. Ibi tí kò pọ̀, á pọ́n yẹ́lò. Koríko fúnra rẹ̀ ló di fọ́tò. Wàhálà wọn ni pé bí koríko bá ti ń kú, àwòrán á máa parẹ́. Ni wọ́n bá lọ bá àwọn onímọ̀ koríko ní Wales, tí wọ́n ní irú koríko kan tí kì í pàdánù àwọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ ń gbó. Ohun tí ayàwòrán ń wá ni onímọ̀ ń wádìí, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ilé ìwé yín, ẹ̀yà kékeré rẹ̀ wà nínú sílábọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń pè é ní iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ gbé ewéko inú ìkòkò sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì kí sítáàṣì inú ewé tán. Ẹ gé àwòrán sára bébà dúdú, ẹ fi í bo ewé, ẹ gbé e sóòrùn fún wákàtí mélòó kan. Ẹ já ewé náà, ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ẹ wá rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì kí àwọ̀ ewé lè jáde. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ má gbé sípíríìtì lé iná láé. Ẹ pa sítóòfù ná, kí ẹ gbé ife rẹ̀ sínú omi tó ti gbóná. Ẹ ṣàn án, ẹ kán ayodíìnì sí i. Ibi tí oòrùn dé á dúdú, ibi tí bébà bò kò ní dúdú. Àwòrán tí ọmọ gé á hàn lára ewé.

Èkejì kò gba nǹkan kan. John Herschel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa rẹ̀ ní 1842. Ẹ lọ àtalẹ̀ pupa, ẹ pò ó mọ́ sípíríìtì, ẹ fi kun bébà nínú ilé, kó gbẹ. Ẹ tẹ́ ewé sórí rẹ̀, ẹ fi gíláàsì fèrèsé tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e síta. Oòrùn á jẹ àwọ̀ ibi tí ewé kò bò, ìrí ewé á kù sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà etí rẹ̀. Ẹ kó o pamọ́ sínú ìwé, tí ẹ bá gbé e kọ́ ògiri oòrùn á jẹ ìyókù. Òmíràn wà tí irin ń sọ di búlúù, òun ni Anna Atkins fi tẹ ewé inú òkun láti 1843, ṣùgbọ́n kẹ́míkà rẹ̀ ṣòroó rí níbí, mo ti wá a ní Lọ́kọ́ja títí.

Tíṣà_Ìjùmú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ Munsell àti ti WAEC jáde, mo fi há ọ̀gá lọ́wọ́. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n ní kí n lo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, kí n má fọwọ́ kan àkókò mìíràn. Ọjọ́ Ẹtì náà ni Bàbá Kajú pè, ó bá a mu.

Ẹ̀ka tí a so òwú mọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ewé gbígbẹ méjì-méjì, torí ọyẹ́ kò ní pẹ́ lọ. Aró á dúró di ìgbà tí a bá rí mọ́tò dé Ògìdì. Màmá Bùnú, ìwé tí a kọ ibi pàtó sí á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ tíṣà ọnà.

Ọ̀kan ṣì rú mi lójú. Ewé ńkọ́ tó bá ju bébà lọ? Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ọ̀pẹ?

Ewé_Gbígbẹ

Ẹ gé e. Ti ọ̀pẹ, ẹ mú ṣóńṣó rẹ̀, àárín àti ìdí, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ A, B, D sí wọn, ẹ sì kọ gígùn gbogbo imọ̀ náà sí lébẹ́lì. Kí ọmọ wá ya odidi rẹ̀ ní kékeré sí ẹ̀gbẹ́, kó fa ìlà sí ibi tí ẹ ti gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, apá kan láti etí dé iṣan àárín tó, kò yẹ kí ẹ fi omi tó wà nínú iṣan ńlá yẹn sílẹ̀: ẹ là á, ẹ fá inú rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu mọ́ ìwé ìròyìn yín.

Ayàwòrán_Mọ́pà

Bébà fífẹ̀ tó nípọn wà lọ́dọ̀ mi, ó ṣẹ́ kù láti ibi iṣẹ́ kan. Tíṣà, ẹ rán ọmọ wá gbà á lọ́jọ́ ọjà Mọ́pà.